Bí Ìwé Tí Ẹ Yà Sínú Kọ̀ǹpútà Yóò Ṣe Bá Èyí Tó Wà Lórí Pẹpẹ Mu

Ẹ wo ilé ìkàwé ṣọ́ọ̀ṣì ní Èbúté Mẹ́ta, ẹ wo yàrá tí ẹbí àáfà ń kó ìwé sí ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ ó rí i pé iṣẹ́ yíya ìwé sínú kọ̀ǹpútà ti bẹ̀rẹ̀ níbi púpọ̀. Àmọ́ ẹ ní kí wọ́n ṣí fódà náà fún yín: IMG_0412, IMG_0413, scan new, scan new 2, orin final. Àwòrán mọ́, ọ̀rọ̀ hàn ketekete, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ inú ìwé tí IMG_0412 ti jáde, bóyá ojú ìwé kan fò láàrin, tàbí ibi tí ìwé náà wà lórí pẹpẹ.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti ń bàjẹ́, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Ohun tí ẹ fẹ́ kò ju méjì lọ: kí ẹni tó rí ojú ìwé kan nínú kọ̀ǹpútà lè dìde lọ mú ìwé gan-an láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí ẹni tó mú ìwé lórí pẹpẹ náà sì lè rí gbogbo àwòrán rẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú kan.

Ohun tí ẹ nílò

- Kámẹ́rà lórí ìdúró tó kọjú sílẹ̀, tàbí skánà pẹlẹbẹ. Skánà pẹlẹbẹ dára fún ewé tó dá wà. Ìwé tó ti gbó, kámẹ́rà ni kí ẹ fi yà á, torí títẹ ìwé mọ́ gíláàsì skánà ló máa ń já okùn ẹ̀yìn rẹ̀.
- Kanrinkan fóòmù méjì tí a gé ní ìdàgẹ̀rẹ̀, tí ìwé yóò fara tì lápá òsì àti lápá ọ̀tún kó má baà ṣí gbalasa.
- Rúlà kan àti káàdì àwọ̀ kan, tí a fi ń mọ̀ bóyá àwọ̀ inú àwòrán tọ́.
- Pẹ́ńsù 2B, àti pépà funfun tí kò ní ásíìdì, gígé ní 3 cm × 15 cm. Kò sí báírò, kò sí sẹ́lótéèpù, kò sí sítíkà nínú iṣẹ́ yìí.
- Búrọ́ṣì onírun rírọ̀ fún eruku, pàápàá lásìkò ọyẹ́.
- UPS fún kọ̀ǹpútà. Bí iná bá lọ nígbà tí fáìlì ń wọlé, fáìlì á wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣí i, ìdajì rẹ̀ nísàlẹ̀ á ti di àwọ̀ eérú lásán.
- Hard disk méjì, ó kéré tán. Bí ẹ bá rà á ní Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ fi ètò H2testw dán an wò kí ẹ tó san owó tán tàbí kí ẹ tó kó nǹkan sí i: àwọn kan ń sọ pé àwọn jẹ́ 2 TB, àyè inú wọn ò sì tó ìdá mẹ́rin ìyẹn.
- Excel tàbí LibreOffice Calc.

Kí ẹ mọ bí àyè tí ẹ nílò ṣe tó: ojú ìwé A4 kan ní 300 ppi (píksẹ́lì 300 nínú ínǹṣì kan), aláwọ̀, TIFF (irú fáìlì àwòrán kan) tí a kò fún pọ̀, ó tó 26 MB. Ìwé orin tó tó A5, ní 400 ppi, ojú ìwé rẹ̀ kan á tó 23 MB. Bí ó bá ní àwòrán 197, ó ti lé ní 4.5 GB. Ẹ ṣe ìṣirò yìí kí ẹ tó lọ sọ́jà.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ya pẹpẹ kí ẹ tó ya ìwé

Ẹ má tíì yọ ìwé kankan. Ẹ dúró níwájú pẹpẹ, kí ẹ ya ipele kọ̀ọ̀kan láti òsì sí ọ̀tún, kí ẹ̀yìn ìwé gbogbo hàn débi tí a ó fi lè ka àkọlé wọn. Bí ipele bá gùn ju mítà kan lọ, ẹ yà á lẹ́ẹ̀mejì, kí ìwé méjì tàbí mẹ́ta tó gbẹ̀yìn nínú àwòrán kìn-ín-ní tún hàn níbẹ̀rẹ̀ èkejì. Tó bá jẹ́ inú àpótí ni wọ́n wà, ẹ ṣí ọmọrí rẹ̀, ẹ yà á láti òkè, kí ẹ sì tún yà á nígbàkigbà tí ẹ bá ti kó ìpele kan kúrò.

Ẹ ṣọ́ra: ohun tó ń wu ọ̀pọ̀ èèyàn ni kí wọ́n kọ́kọ́ tún pẹpẹ tò kó lè dùn ún wò. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí lè wà tí ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìrìbọmi fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé orin kan pàtó: ó lè jẹ́ pé ọwọ́ akọ̀wé kan náà ni méjèèjì ti wá. Bí ẹ bá ti tú ìtòlẹ́sẹẹsẹ yẹn ká, kò sí àwòrán tó lè dá a padà. Bí ilé ìkàwé yín bá ń lo nọ́ńbà Dewey (tí wọ́n fi ń to ìwé nípa ohun tó dá lé), tí ẹ sì rí ìwé tó ṣìnà, ẹ kọ ibi tí ẹ ti bá a àti ibi tó yẹ kó wà. Àkọsílẹ̀ méjì ni, ọ̀kan kì í rọ́pò èkejì.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ka ẹ̀yìn ìwé nínú àwòrán, kí ẹ tún fọwọ́ ka ìwé lórí pẹpẹ. Bí iye méjèèjì kò bá dọ́gba, ìwé pẹlẹbẹ kan ló sá pamọ́ sáàárín ìwé ńlá méjì. Wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ fún ìwé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí kò ní yí padà láé

Bí ilé ìkàwé bá ti ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ tẹ́lẹ̀, òun ni kí ẹ lò. Bí kò bá ní, ẹ mú lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta àti nọ́ńbà mẹ́rin: EM0001, EM0002, títí lọ. Ìwé kan náà tí ẹ ní méjì, nọ́ńbà méjì ni, torí ohun tí àwọn èèyàn kọ sétí ọ̀kan kò sí nínú èkejì. Nọ́ńbà ìwé tó sọnù, ẹ má ṣe fún òmíràn.

Èyí ni ibi tí àwọn tó fẹ́ kí kọ̀ǹpútà jọ pẹpẹ ti máa ń kùnà jù: wọ́n á ki ibi tí ìwé wà bọ inú orúkọ rẹ̀. PẹpẹC-Ipele3-Ìwé14. Ó dára lójú. Nígbà tó bá di oṣù keje, tí òrùlé bá ń jò, tí wọ́n kó pẹpẹ C lọ sí yàrá kejì, gbogbo orúkọ fáìlì ti di irọ́, ẹnikẹ́ni ò sì ní í lè yí wọn padà láìfọ́ nǹkan. Ibi tí ìwé wà, inú tábìlì (àkọsílẹ̀ tí ẹ ń ṣe nínú Excel tàbí Calc) ni kó wà, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ bá a níbẹ̀: pẹpẹ C, ipele 3, ìkẹrìnlá láti òsì. Bí ó bá kúrò níbẹ̀, ẹ fi ìlà tuntun kún un, ẹ má ṣe pa ti àtijọ́ rẹ́. Bí ẹ bá wá fẹ́ rí pẹpẹ bó ṣe wà lọ́jọ́ tí ẹ yà á, ẹ to tábìlì nípa pẹpẹ, ipele àti ipò, yóò sì jáde ní títò bí ẹ ṣe bá a.

Ẹ fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà náà sórí pépà pẹẹrẹ yẹn, kí ẹ fi há àárín èèpo iwájú àti ewé kìn-ín-ní, kí 2 cm yọ síta lókè. Bí ẹ bá mú ìwé kúrò lórí pẹpẹ láti lọ yà á, ẹ fi káàdì tó ní nọ́ńbà kan náà dípò rẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ mú nọ́ńbà márùn-ún nínú tábìlì, ẹ lọ bá wọn lórí pẹpẹ. Ẹ wá mú ìwé márùn-ún lórí pẹpẹ, ẹ lọ wá wọn nínú tábìlì. Ọ̀nà méjèèjì ni, torí bí ìwé kan kò bá sí nínú tábìlì rárá, ọ̀nà kejì nìkan ló lè tú u fó.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ka ewé, kì í ṣe ojú ìwé

Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sójú ìwé kò ṣe é gbọ́kàn lé. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú máa ń ní nọ́ńbà tirẹ̀, àwọn ewé kan kì í ní nọ́ńbà rárá, òǹtẹ̀wé sì lè ti tẹ 67 lẹ́ẹ̀mejì. Ewé ni kí ẹ kà. Ewé kan ní ojú àti ẹ̀yìn. Ẹ má fi itọ́ sọ́wọ́, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ kí kámẹ́rà tó wọ̀ ọ́.

Iye àwòrán tí ẹ gbọ́dọ̀ ní ti hàn nígbà náà: ewé lọ́nà méjì, kí ẹ fi mẹ́rin kún un fún èèpo (iwájú níta, iwájú nínú, ẹ̀yìn nínú, ẹ̀yìn níta), àti ọ̀kan fún ibi tí wọ́n ti di ìwé pọ̀, tí àkọlé máa ń wà. Ìwé eléwé 96 yóò ní àwòrán 197, láìka 0000, àwòrán káàdì àwọ̀ tí ẹ máa rí ní Ìgbésẹ̀ 4. Tó bá jẹ́ 195 tàbí 198 ni ẹ ní, nǹkan ti ṣẹlẹ̀, ẹ ò sì ní láti ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wo ojú ìwé kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó mọ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ ya ìwé láti èèpo dé èèpo

Àwòrán àkọ́kọ́, 0000, ni ti káàdì àwọ̀, rúlà àti pépà nọ́ńbà ìwé náà pọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn:

0001 – èèpo iwájú níta
0002 – èèpo iwájú nínú
0003 – ojú ewé kìn-ín-ní
0004 – ẹ̀yìn ewé kìn-ín-ní
títí dé 0194 – ẹ̀yìn ewé kẹrìndínlọ́gọ́rùn-ún
0195 – èèpo ẹ̀yìn nínú
0196 – èèpo ẹ̀yìn níta
0197 – ibi tí wọ́n ti di ìwé pọ̀

Ìtò yìí ní èrè kan tí kò kọ́kọ́ hàn: gbogbo ohun tó wà lápá ọ̀tún ìwé tó ṣí sílẹ̀ ló ní nọ́ńbà tí kò ṣe é pín sí méjì, gbogbo ohun tó wà lápá òsì sì ní èyí tó ṣe é pín. Kò sì ní yí padà títí ìwé á fi parí. Ìgbàkígbà tí ẹ bá ṣí àwòrán tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣe é pín sí méjì, tí ẹ rí ojú ìwé apá ọ̀tún, ẹ ti fo ojú ìwé kan tàbí ẹ ti ya ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú ibẹ̀. Bí nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ bá fi méjì fò, tí òsì àti ọ̀tún ṣì dúró sí ipò wọn, ewé kan odidi ni kò sí: bóyá ẹ ṣí ewé méjì papọ̀, bóyá ẹnì kan ti ya á kúrò nígbà kan rí. Iye ewé tí ẹ kà ní Ìgbésẹ̀ 3 ló máa sọ èyí tó jẹ́.

Tó bá jẹ́ kámẹ́rà kan ṣoṣo lẹ ní, ó yá jù kí ẹ ya gbogbo apá ọ̀tún láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí ẹ wá yí ìwé, kí ẹ ya gbogbo apá òsì. Láìka èèpo níta méjèèjì, tí ẹ máa yà lọ́tọ̀, apá kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ iye ewé àti ọ̀kan: fún ewé 96, ọ̀tún 97, òsì 97. Bí iye wọn kò bá dọ́gba, ẹ má tíì yí orúkọ fáìlì kankan padà. Àṣìṣe kan ní àwòrán ogójì yóò sún gbogbo èyí tó kù lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀yìn ewé kan á wá lọ jókòó ti ojú ewé mìíràn. Ẹ tún rántí pé bí ẹ bá ya apá òsì láti ẹ̀yìn wá síwájú, ìkẹyìn ló máa gba nọ́ńbà kìn-ín-ní àyàfi tí ẹ bá dá ìtò wọn padà.

Ẹ ṣọ́ra fún mẹ́ta yìí:

Ojú ìwé òfìfo, ẹ yà á. Àwọn ètò skánà kan máa ń yọ òfìfo kúrò fúnra wọn. Nínú NAPS2, inú ètò rẹ̀ ni ẹ ti lè pa á. Ojú ìwé tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan wà lára ìwé, bí ẹ bá sì yọ ọ́, òsì á di ọ̀tún.

Ẹ má gé etí. Ẹ jẹ́ kí díẹ̀ lára aṣọ dúdú abẹ́ ìwé hàn yí ojú ìwé ká, kí ẹni tó ń wò ó mọ̀ pé ibi tí pépà parí sí nìyẹn. Etí yẹn gan-an ni bàbá kan máa ń fi pẹ́ńsù kọ ohùn orin sí. Bí ẹ bá fẹ́ èyí tó mọ́ tó sì tọ́ fún kíkà, ẹ dà á kọ, kí ẹ fi ètò ScanTailor ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà, kí TIFF àkọ́kọ́ wà bó ṣe wà.

Ẹ má yí gíga kámẹ́rà padà láàrin ìwé kan. Bí ẹ bá yí i, ojú ìwé kan á tóbi ju èkejì lọ, rúlà inú 0000 kò sì ní í wúlò fún ìyókù mọ́.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ìwé tó kúrò níwájú kámẹ́rà: iye àwòrán bá ìṣirò mu; 0003, àwòrán kan láàrin àti èyí tó gbẹ̀yìn ṣí dáadáa; ẹ sì mú àwòrán kọ̀ọ̀kan láàrin ogún-ogún, kí ẹ fi wé ìwé gan-an.

Ìgbésẹ̀ 5: Ohun tó há sínú ìwé

Kò sí Bíbélì ẹbí tó dàgbà ní Èkó tí ẹ ò ní bá nǹkan nínú rẹ̀: ìwé ètò ìsìnkú, rìsíìtì owó orí, lẹ́tà tí wọ́n ká ní mẹ́rin, fọ́tò, ewé igi gbígbẹ. Àwọn tó ń ya ìwé máa ń kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú àpò ìwé kan, wọ́n á ní àwọn á tò ó lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó mọ ojú ìwé tí ìwé ètò ìsìnkú náà wà mọ́, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ Sáàmù tí wọ́n kà níbi ìsìnkú yẹn ló ń tọ́ka sí.

Ohun tó há síbẹ̀ kò wọ iye ewé. Lẹ́tà kékeré ni kí ẹ fún un, lẹ́yìn nọ́ńbà ojú ìwé apá òsì tó wà ṣáájú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní ojú ìwé 1 bọ́ sí àwòrán 0009, a jẹ́ pé ojú ìwé 108 ni 0116, 109 sì ni 0117. Ìwé ètò olóju méjì wà láàrin wọn. Ẹ ṣe é báyìí:

0116 – ojú ìwé 108, ẹ ti gbé ìwé ètò kúrò
0116a – ìwé tó ṣí sílẹ̀, ìwé ètò sì wà ní ipò tí ẹ ti bá a
0116b – ojú ìwé ètò
0116c – ẹ̀yìn ìwé ètò
0117 – ojú ìwé 109

0116a lẹ máa kọ́kọ́ yà, kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́yìn 0116 ló máa wà nínú ìtò. Lẹ́tà yìí kò da òsì àti ọ̀tún rú, ìṣirò 197 náà kò sì yẹ̀: ẹ ka àwọn onílẹ́tà lọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dá a padà síbi tó wà. Bí kílíìpù onípáánù tó ti dípẹtà bá wà lára rẹ̀, ẹ yọ kílíìpù, ẹ má dá ìyẹn padà. Bí ó bá jẹ́ ègé ìwé ìròyìn ni, ẹ fi pépà tí kò ní ásíìdì wé e, torí ó ti ń sọ ojú ìwé méjèèjì di pupa rúsúrúsú.

Máàpù tàbí tábìlì tí wọ́n ká sínú ìwé, bákan náà: 0041 ni bó ṣe wà ní kíká, 0041a ni nígbà tí ẹ tẹ́ ẹ, 0042 àti 0042a fún ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ má fi agbára tẹ́ ẹ bí ibi tí wọ́n ti ká a bá ti ń ya.

Ìgbésẹ̀ 6: Ìwé mẹ́ta nínú èèpo kan, àti ìdì ìwé ìròyìn

Wọ́n máa ń di ìwé pẹlẹbẹ mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀ sínú èèpo kan. Lórí pẹpẹ, ohun kan ni. Nínú ọ̀rọ̀, mẹ́ta ni. Ẹ má pín in sí fódà mẹ́ta. Fódà kan, nọ́ńbà kan, ìtò kan láti 0001 dé òpin. Kí ẹ wá kọ ìlà mẹ́ta sínú tábìlì: iṣẹ́ kìn-ín-ní wà ní 0003 sí 0050, èkejì 0051 sí 0098, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ara ìwé nìyẹn, ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyẹn, tábìlì sì ni okùn tó so wọ́n pọ̀. Àwọn tó ṣe ìlànà METS fún ilé ìkàwé rò ó bẹ́ẹ̀ náà: ètò ara ìwé lọ́tọ̀, ètò ohun inú rẹ̀ lọ́tọ̀.

Ìwé ìròyìn ló ń dán èyí wò jù. Ẹ mú Akede Eko tí I. B. Thomas ń gbé jáde. Láàrin 1929 sí 1930, ó gbé ìtàn Ṣẹ̀gilọlá jáde ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìtàn náà á fẹ́ yọ gbogbo apá rẹ̀ kó di fáìlì kan. Kò burú kí ẹ ṣe irú àkójọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n inú tábìlì ni kí ẹ ti ṣe é. Bí ẹ bá gé e kúrò nínú ìwé ìròyìn, ìpolówó àti ìròyìn ọ̀sẹ̀ yẹn tó yí i ká ti lọ, òǹkàwé kò sì lè mọ̀ mọ́ bóyá ojú ìwé kìn-ín-ní ló wà ni àbí ìkẹyìn.

Ẹ̀dà tó sọnù nínú ìdì, ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ nínú tábìlì: ọjọ́ tó yẹ kó jẹ́, àti «kò sí nínú ìdì yìí». Bí ilé ìkàwé mìíràn bá fún yín ní àwòrán rẹ̀, ẹ má fi sínú fódà yìí bí ẹni pé tiyín ni. Fódà tirẹ̀ ni, pẹ̀lú orúkọ ibi tó ti wá, kí tábìlì sì tọ́ka sí i.

Ìgbésẹ̀ 7: Ìwé àáfà tí a kò rán pọ̀

Púpọ̀ nínú ìwé àfọwọ́kọ Lárúbáwá àti àjàmí (Yorùbá tí wọ́n fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ) ló jẹ́ ewé tó dá wà, tí wọ́n kó sáàárín awọ tàbí páálí tí wọ́n fi okùn dì. Ọ̀tún ni wọ́n ti ń kà á lọ sí òsì, nítorí náà èèpo tí ẹni tó mọ ìwé Yorùbá nìkan máa pè ní ẹ̀yìn ni iwájú rẹ̀. 0001 ni èèpo iwájú tirẹ̀. Apá òsì ni ojú ewé máa wà nígbà tí ìwé bá ṣí, òun náà ló sì máa gba nọ́ńbà tí kò ṣe é pín sí méjì. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti òdìkejì, gbogbo rẹ̀ á lọ ní ìdàkejì, ẹni tí kò gbọ́ Lárúbáwá kò sì ní í mọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tó lè kà á jókòó tì yín ní ewé mẹ́wàá àkọ́kọ́.

Ohun tó ń pa ewé wọ̀nyí mọ́ ní títò ni ọ̀rọ̀ kékeré tí akọ̀wé máa ń kọ sísàlẹ̀ ẹ̀yìn ewé: ọ̀rọ̀ tó máa bẹ̀rẹ̀ ewé tó kàn ni. Ẹ fi í wé òkè ewé tó tẹ̀ lé e. Bí wọn kò bá bára mu, ewé ti dàrú tàbí ọ̀kan ti sọnù.

Síbẹ̀, ẹ má tún un tò kí ẹ tó yà á. Ẹ yà á bí ẹ ṣe bá a, ẹ fún un ní nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, kí ẹ wá fi òpó kan kún tábìlì fún ìtò tó yẹ: àwòrán 0021 jẹ́ ewé kẹẹ̀ẹ́dógún ní kíkà. Ó lè jẹ́ pé ewé tó dàbí pé ó ṣìnà wá láti inú ìwé mìíràn, tí àáfà fi síbẹ̀ nítorí ohun tó ń kọ́ni. Ẹ má kọ nọ́ńbà sára ewé láìgba àṣẹ ẹbí tó ni ín.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: fún ewé kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ bá òkè èyí tó tẹ̀ lé e mu nínú òpó «ìtò kíkà», tàbí tábìlì ti kọ ọ́ pé kò bá a mu.

Ìgbésẹ̀ 8: Orúkọ fáìlì àti fódà

Fódà kan fún ìwé kan, nọ́ńbà ìwé ni orúkọ rẹ̀. Nínú rẹ̀: fódà «tiff», fódà «jpeg». Fáìlì á máa jẹ́ EM0147_0116.tif, EM0147_0116a.tif. Kò sí àkọlé, kò sí òǹkọ̀wé, kò sí àlàfo láàrin orúkọ. Nọ́ńbà mẹ́rin-mẹ́rin ni o: bí ẹ bá kọ 1, 2, 10, àwọn ètò kan á to 10 ṣáájú 2.

Ẹ má fi ẹ, ọ, ṣ tàbí àmì ohùn sínú orúkọ fáìlì. Kì í ṣe pé èdè wa kò tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà bíi ọ́ lè wọ kọ̀ǹpútà lóríṣiríṣi ọ̀nà: ọ pẹ̀lú àmì òkè, ó pẹ̀lú ààmì ìsàlẹ̀, tàbí o lásán pẹ̀lú àmì méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lójú wa, ìkan náà ni wọ́n. Lójú kọ̀ǹpútà, orúkọ mẹ́ta ni. Ẹ daakọ fáìlì láti Mac sí Windows, ẹ wá a, ẹ ò rí i, bẹ́ẹ̀ ó wà níwájú yín. Inú tábìlì ni kí ẹ ti kọ àkọlé pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ pérépéré, kí gbogbo ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lo kíbọ́ọ̀dù kan náà.

Bulk Rename Utility lè yí orúkọ ọgọ́rùn-ún fáìlì padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀dà ni kí ẹ ti lò ó, kí orúkọ tí kámẹ́rà fún un sì wà nínú tábìlì.

Ìgbésẹ̀ 9: Tábìlì, àti bí yóò ṣe hàn

Tábìlì méjì tó. Ti ìwé: nọ́ńbà, pẹpẹ, ipele, ipò láti òsì, ọjọ́ tí ẹ bá a níbẹ̀, àkọlé, iye ewé, iye àwòrán, iye ohun tó há sínú rẹ̀, ohun tó sọnù. Ti ojú ìwé: orúkọ fáìlì, ohun tó jẹ́ (èèpo, ewé, òfìfo, ohun tó há), nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ bí ó bá ní, ìtò kíkà, àkíyèsí.

Bí ẹ bá fẹ́ fi hàn ní méjì-méjì bí ìwé tó ṣí, ìtò Ìgbésẹ̀ 4 ti bá yín ṣe é: 0001 á dá dúró, 0002 àti 0003 á kọjú síra. Nínú PDF, ẹ yan ojú ìwé méjì pẹ̀lú èèpo tó dá wà. Bí ẹ bá ń lo IIIF (ìlànà fún fífi àwòrán ìwé hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì) pẹ̀lú ètò ìwòran bíi Mirador, ẹ kọ paged fún ìwé náà, non-paged fún àwọn àwòrán onílẹ́tà, àti right-to-left fún ìwé àáfà. Ẹ yọ 0000 kúrò nínú èyí tí àwọn èèyàn máa wò. Bí ó bá wà níbẹ̀, òun ló máa dá dúró, èèpo níta àti èèpo nínú á wá kọjú síra, gbogbo ìwé á sì yẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ṣí ìwé gan-an sí àárín, kí ẹ ṣí ti kọ̀ǹpútà síbẹ̀. Òsì àti ọ̀tún gbọ́dọ̀ jọra.

Kí ẹ tó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wo méjì. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti 2022, ẹ̀tọ́ lórí ìwé wà títí 70 ọdún lẹ́yìn ọdún tí òǹkọ̀wé kú. Ewé iwájú Bíbélì ẹbí sì ni wọ́n máa ń kọ ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ sí. Bí àwọn ọmọ náà bá ṣì wà láàyè, ẹ pa àwòrán yẹn mọ́ nínú ilé, kí tábìlì kọ «a kò gbé e síta», kí nọ́ńbà rẹ̀ má sì di èyí tó fò láìsí àlàyé.

Ìgbésẹ̀ 10: Ìfipamọ́

Ẹ̀dà mẹ́ta, lórí irú ohun ìfipamọ́ méjì, kí ọ̀kan má wà nínú ilé kan náà. Bí ìwé bá wà ní Ìdúmọ̀tà, kí hard disk kan wà ní Yábà tàbí Ṣúrùlérè. Omi tó bá wọ yàrá ìsàlẹ̀ kì í mọ̀ pé ẹ̀dà kejì wà nínú dúróà kan náà.

Kí ẹ tó kó o lọ, ẹ ṣe àmì ìdánimọ̀ SHA-256 fún fáìlì kọ̀ọ̀kan: àmì gígùn tí kọ̀ǹpútà ṣírò láti inú fáìlì, tó máa yí padà bí fáìlì bá yí padà. Lórí Linux, nínú fódà tiff:

sha256sum *.tif > EM0147.sha256

Lórí Windows, fún fáìlì kan: certutil -hashfile EM0147_0001.tif SHA256. Lẹ́yìn tí ẹ bá kó o dé ibòmíràn, ẹ ṣe sha256sum -c EM0147.sha256, gbogbo ìlà gbọ́dọ̀ sọ OK. Ìlà tó bá sọ FAILED, fáìlì náà ti yí padà lójú ọ̀nà, bó tilẹ̀ ṣí tó sì hàn dáadáa; ẹ tún un kó láti orí èyí tó dára.

Ẹ máa ṣe àyẹ̀wò yìí lórí gbogbo hard disk lọ́dọọdún. Lọ́jọ́ kan náà, ẹ ya pẹpẹ lẹ́ẹ̀kan sí i bí ti Ìgbésẹ̀ 1, kí ẹ fi wé tábìlì, kí ẹ kọ ìlà tuntun fún ìwé tó ti kúrò ní ipò rẹ̀.